Bí Mo Ṣe Yan Kámẹ́rà Tòkunbọ̀ àti Lẹ́ǹsì Méjì

Olùkọ́ ni mí. Fọ́tò yíyà kò mú owó wálé fún mi, ìfẹ́ rẹ̀ ló wà lọ́kàn mi. Ohun tí mo sì máa ń yà kò ju méjì lọ: ìnáwó ẹbí, tó sábà máa ń jẹ́ nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ dáadáa, àti Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ máa ń yan nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, tí àwọn ìdílé Balógun sì máa ń gun ẹṣin wọlé wá kí Awùjalẹ̀. Kámẹ́rà tí mo fi kọ́ fọ́tò yíyà, ti ẹ̀gbọ́n mi ni: Nikon D3100, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 18-55 tó bá a wá nínú páálí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ gba ẹrù òun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó tèmi.

N kò kọ́kọ́ lọ sọ́jà. Kọ̀ǹpútà ni mo jókòó tì. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan tí kámẹ́rà bá yà ló máa ń gbé àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ dání: ibi tí wọ́n fa lẹ́ǹsì dé, bí wọ́n ṣe ṣí ojú rẹ̀ tó, ISO tí wọ́n lò, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí i tó; bó bá ga jù, fọ́tò kì í mọ́ mọ́. Mo ṣa àwọn tí mo fẹ́ràn jù sí fódà kan, mo wá ń wo nọ́ńbà wọn níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, 55 ni mo ti yà á, ìyẹn ibi tí lẹ́ǹsì náà ti dópin. Àwọn tí mo yà ní 18 kéré gan-an, fọ́tò ìdílé tí gbogbo èèyàn tò sí iwájú ilé ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ fún mi kò ṣòro: lẹ́ǹsì tó ń fẹ ibi gbogbo wọlé kọ́ ni mo nílò, èyí tó ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra ni. Èkejì ni pé fọ́tò inú gbọ̀ngàn mi, ISO 6400 ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn, ojú àwọn èèyàn sì rí bí ẹni pé wọ́n bu yanrìn sí i.

Ibí yìí ni mo rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá. Wọ́n á ti máa béèrè pé mélòó ni megapixel rẹ̀, ìyẹn iye àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán, kí wọ́n tó bi ara wọn pé kí ni mo fẹ́ yà.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn yẹn dáadáa. Lẹ́ǹsì 18-55 yẹn, tí a bá fà á dé 55, kò lè ṣí ju f/5.6 lọ; bí nọ́ńbà tó tẹ̀lé f bá ṣe kéré sí ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń ṣí sí i. Lẹ́ǹsì 50mm tó ń ṣí dé f/1.8 máa ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ibi tí mo ti ń lo ISO 6400, mo lè lo nǹkan bí 640, láì tíì pààrọ̀ kámẹ́rà rárá. Kò sí kámẹ́rà tuntun tí owó mi ká tó lè ṣe irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ fún mi. Nítorí náà, lẹ́ǹsì ni mo kọ́kọ́ pín owó fún, èyí tó bá kù ni ti kámẹ́rà.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń fi fọ́tò jẹun ní kí n ra full frame, ìyẹn kámẹ́rà tí sensor rẹ̀ (ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń di àwòrán nínú kámẹ́rà) tóbi, pé bí mo bá ti ra òmíràn, mo máa tún un rà. Mo gbọ́ wọn. Nikon D750 tó jáde ní 2014 ni wọ́n ń tọ́ka sí, megapixel 24.3. Èmi ń wo D7200 ti 2015, megapixel 24.2. Níbi ká kà á, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni sensor: ti D750 jẹ́ 36 × 24 mílímítà, ti D7200 jẹ́ 23.5 × 15.6. Èyí tó tóbi ń rí nínú òkùnkùn dáadáa ju èkejì lọ, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n lórí èyí tó kéré, lẹ́ǹsì 300mm máa ń fa nǹkan mọ́ra bí ẹni pé 450mm ni lórí full frame. Fún ẹni tó dúró lẹ́yìn okùn, tí ẹṣin ń bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, ẹ̀bùn ni ìyẹn. Láti 2024 tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, èrò Ojúde Ọba tún ti pọ̀ sí i lójú tèmi, iwájú sì ti di ti àwọn tó ní káàdì oníròyìn lọ́rùn.

Mo tún yẹ Sony a6000 wò. Ó fúyẹ́ dáadáa, ó sì ń ya fọ́tò 11 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan níbi tí D7200 ti ń ya 6. Bátìrì ló lé mi. Nǹkan bí fọ́tò 360 ni ilé iṣẹ́ ṣírò fún bátìrì a6000 kan, ti D7200 jẹ́ 1,110. Ẹni tí kò mọ̀gbà tí NÉPÀ máa mú iná wá kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo ìyẹn.

Ìdí tí mo fi dúró lórí D7200, tí n kò lọ ra ẹ̀dá D3000 tàbí D5000 tó wọ́n dínkù, ni mọ́tò kékeré tó wà nínú ara rẹ̀. Àwọn lẹ́ǹsì Nikon àtijọ́ tí wọ́n kọ D sí, bíi 50mm f/1.8D, kò ní mọ́tò tiwọn. Kámẹ́rà ló máa ń yí wọn kí àwòrán tó dá ṣáká. Tí ẹ bá fi irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ sórí D3100, ọwọ́ ni ẹ máa fi yí i. Àwọn lẹ́ǹsì wọ̀nyí kò gbówó lórí, wọ́n sì lágbára. Wọ́n máa ń dún kíràkírà bí wọ́n bá ń yí, ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ ọ níbi tí onílù ti wà? D7100 náà ní mọ́tò, ó tún wọ́n dínkù sí D7200. Àmọ́ tí ẹ bá ń ya RAW, ìyẹn fáìlì ńlá tí kámẹ́rà kò tíì fún pọ̀, léraléra, kò ní pẹ́ tó máa dúró láti mí, ẹṣin kò sì ní dúró dè é.

Mo gba Computer Village n'Ìkẹjà lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mẹ́mọ́rì káàdì tèmi àti láptọ́ọ̀pù. Tòkunbọ̀ ni mò ń wá. Ọmọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kan gbé D7200 kalẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ǹsì 50mm, ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó, ó mọ́ tónítóní, ẹni tó lò ó kò fi ṣiṣẹ́ rárá." Mo yọ lẹ́ǹsì, mo tan tọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀ kọjá. Okùn funfun tín-tìn-tín bí irun ti ń hù láti etí gíláàsì wá sí àárín. Olú ni. Ọ̀rinrin Èkó máa ń jẹ́ kó hù, tó bá sì pẹ́, ó máa ń jẹ awọ tí wọ́n kùn sára gíláàsì. Mo dá lẹ́ǹsì náà padà.

"Àǹtí, ìyẹn kì í hàn nínú fọ́tò o."

"Àbúrò mi, kò ní hàn lónìí. Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kámẹ́rà nìkan."

Kámẹ́rà náà dára. Mo ya fọ́tò kan, mo gbé e sórí láptọ́ọ̀pù: Nikon máa ń kọ iye ìgbà tí shutter, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí nígbà tí a bá ń ya fọ́tò, ti ṣí sínú fọ́tò fúnra rẹ̀, ó sì rọrùn láti kà. Kò tíì pé 30,000, bẹ́ẹ̀ 150,000 ni wọ́n dán shutter D7200 wò dé. Mo ti ojú lẹ́ǹsì dé f/16, mo kọjú kámẹ́rà sí ojú ọ̀run, mo yà á. Èérí díẹ̀ hàn, àmọ́ èérí ṣeé nù. Ilà ni kò ṣeé nù, n kò sì rí ilà kankan. Mo fi káàdì sí ihò méjèèjì, mo tẹ gbogbo bọ́tìnnì. Ọmọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ẹ ti fẹ́ tú u palẹ̀!" A nájà títí, ó fi bátìrì kejì kún un.

50mm tó mọ́ ni mo rí ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn, 70-300mm VR (èyí tó ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù) sì wá láti ọwọ́ oníṣẹ́ fọ́tò kan n'Íbàdàn tó fẹ́ pààrọ̀ irinṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ní mọ́tò tirẹ̀, ó sì wúwo. Ọrùn máa ń dun èèyàn. Mẹ́mọ́rì káàdì, tuntun ni mo rà, mo sì fi H2testw dán an wò nítorí ayédèrú pọ̀: ètò ọ̀fẹ́ yìí máa ń kọ nǹkan kún inú káàdì, á wá kà á padà, irọ́ á hàn.

Nílé, inú ike oúnjẹ tó dé pinpin ni gbogbo wọn ń sùn, pẹ̀lú silica gel aláwọ̀ búlúù, hóró kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin mu. Tó bá ti di pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ti mu omi yó nìyẹn. Mo máa ń yan án lórí iná kékeré títí á fi padà sí búlúù, síta ni mo sì ti ń ṣe é.

Ojúde Ọba tó tẹ̀lé e, 70-300 kò kúrò lórí kámẹ́rà. Mo fi shutter sí 1/1000 ìṣẹ́jú-àáyá, ẹsẹ̀ ẹṣin dá ṣáká nínú fọ́tò, mo rí ìlẹ̀kẹ̀ ìjánu ní kíkà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fídíò ni n kò ní gbà níyànjú kó ra D7200, nítorí ó máa ń wá ojú èèyàn kiri kó tó rí i. Fóònù ni mo fi ń ṣe fídíò tèmi.