Bí Kétu ṣe padà sórí máàpù mi

Mo ń ya máàpù ibi tí àwọn ọmọ Yorùbá wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, láti inú ìkànìyàn ọdún 2013. (Ti Nàìjíríà ní 1991 àti 2006 kò béèrè ẹ̀yà ẹnikẹ́ni.) Àfi bí Kétu ṣe funfun báláú! Kétu, ìlú Alákétu! Ó dùn mí gan-an.

Àkọtọ́ ló fà á. Tábìlì kọ ọ́ ní Kétou, fáìlì ààlà ilẹ̀ kọ ọ́ ní KETOU, kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀ pé ìlú kan náà ni. Mo yọ àmì orí lẹ́tà kúrò, mo sọ gbogbo rẹ̀ di lẹ́tà kékeré, mo tún so wọ́n pọ̀ nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù. Kọ́múùnù 77, ìyẹn àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, pé.

Èyí tó le jù ni pé Nàgó, Ìdáàṣà, Ṣábẹ̀ẹ́, Họ̀lí, Ifẹ̀ àti Mọ̀kọ́lé, tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, wà ní ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú tábìlì. Ìlà “Yorùbá” nìkan ni mo ti ń kà! Nígbà tí mo ro gbogbo wọn pọ̀, àwọ̀ yọ títí dé Kandi lápá àríwá, níbi tí àwọn Mọ̀kọ́lé ń gbé. Àpapọ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ ìdá 12 nínú 100 tí ìjọba tẹ̀ jáde.