Bí Kọ̀ǹpútà Mi Ṣe Mọ Ọ̀wọ̀ Yàtọ̀ sí Owó

Ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé ìpè ìgbéyàwó ni mo sábà máa ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Ọjà Ọba, l'Ákùúrẹ́. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì níbi iṣẹ́ olùkọ́ gbé iṣẹ́ ìsìnkú ìyá wọn wá. Mo fún wọn ní èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ̀. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀.

"Ọmọ mi, Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí ìyá mi sí. Ohun tí o kọ síbí, owó ni mo kà."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ fún mi lọ́jọ́ méjì."

Kí n sọ òótọ́, bírò ni mo fi ń fi àmì sí Yorùbá tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn tí ìwé bá ti jáde, kí n tó lọ ṣe fọ́tòkọ́pì. Ó dùn mí pé orúkọ ìlú olóògbé ni mo fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ.

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo ń lò, kííbọ́ọ̀dù Jámánì ló sì ní: Z ni wọ́n kọ síbi tó yẹ kí Y wà, wọ́n sì kọ Alt Gr sí ọ̀tún bọ́tìnnì gbọọrọ ìsàlẹ̀. Linux ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú Xfce, ètò tó ń gbé fèrèsé àti àtẹ rẹ̀ síta. Mo ti yí kííbọ́ọ̀dù náà sí ti Amẹ́ríkà látọjọ́ tí mo ti rà á, torí ibẹ̀ lọwọ́ mi mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí n di Alt Gr mú, kí n tẹ lẹ́tà e, kí lẹ́tà ẹ jáde. Mo kọ ìlà kan sínú fáìlì fún xmodmap, ètò tó ń yí iṣẹ́ bọ́tìnnì padà. 26 ni nọ́ńbà bọ́tìnnì e, U1EB9 àti U1EB8 sì ni nọ́ńbà lẹ́tà ẹ àti Ẹ:

keycode 26 = e E U1EB9 U1EB8

Mo tẹ̀ ẹ́ wò nínú LibreOffice. Dípò lẹ́tà ẹ, àtẹ Edit ló ṣí sílẹ̀. Mo ṣàyẹ̀wò nọ́ńbà náà títí, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Edit náà ni. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó rántí xev.

Tí ẹ bá ń bá kííbọ́ọ̀dù jà, xev ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kó tó di pé ẹ fọwọ́ kan fáìlì kankan. Fèrèsé kékeré funfun kan ni. Bọ́tìnnì tí ẹ bá tẹ̀ síbẹ̀, á sọ nọ́ńbà rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń jẹ́ gan-an fún yín. Nọ́ńbà e jẹ́ 26 lóòótọ́, mi ò ṣì í kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ Alt Gr, ohun tó gbé jáde ni:

keycode 108 (keysym 0xffea, Alt_R)

Alt Gr ni wọ́n kọ sórí bọ́tìnnì, Alt lásán ló ń jẹ́ nínú ètò Amẹ́ríkà. Alt pẹ̀lú e ló sì ń ṣí Edit. Mo bá fi setxkbmap, ètò tó ń yan irú kííbọ́ọ̀dù, pàṣẹ pé kí Alt ọ̀tún máa ṣiṣẹ́ Alt Gr:

setxkbmap -layout us -option lv3:ralt_switch

xev wá ń pè é ní ISO_Level3_Shift, ìyẹn orúkọ Alt Gr níbẹ̀. Mo tún ní kí xmodmap ka fáìlì mi, torí setxkbmap máa ń pa gbogbo ohun tí xmodmap bá ti ṣe rẹ́. Edit ò ṣí mọ́, àmọ́ e lásán ló jáde. Ipò tí mo kọ lẹ́tà ẹ sí nínú ìlà náà ni kò tọ́. Ipò kìíní àti ìkejì jẹ́ ti lẹ́tà fúnra rẹ̀ àti ti Shift, ìkẹta àti ìkẹrin jẹ́ ti Mode_switch, bọ́tìnnì àyípadà mìíràn, ìkarùn-ún àti ìkẹfà ni ti Alt Gr. Mo tún un kọ:

keycode 26 = e E e E U1EB9 U1EB8
keycode 32 = o O o O U1ECD U1ECC
keycode 39 = s S s S U1E63 U1E62
keycode 34 = bracketleft braceleft bracketleft braceleft U0300 U0300
keycode 35 = bracketright braceright bracketright braceright U0301 U0301

Ìlà méjì tó kẹ́yìn ni àmì ohùn. Unicode, àkójọ tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ní àyè kan ṣoṣo fún á, ṣùgbọ́n kò ní fún ẹ́ tàbí ọ̀, nítorí náà lẹ́tà ni mo ń kọ́kọ́ tẹ̀, kí n tó gbé àmì lé e lórí. Ẹ wo fọ́ǹtì yín pẹ̀lú, torí àwọn kan máa ń ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Charis SIL ni mo lò, àmì sì jókòó dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ki kííbọ́ọ̀dù USB bọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ sì parẹ́. Bí kííbọ́ọ̀dù tuntun bá wọlé, X, ètò tó ń bójú tó fèrèsé àti kííbọ́ọ̀dù lórí Linux mi, máa ń to bọ́tìnnì látìbẹ̀rẹ̀. Mo kó àṣẹ méjèèjì sínú fáìlì kan, setxkbmap ṣáájú, xmodmap tẹ̀ lé e. Mo fi í sínú Session and Startup kó lè máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí mo bá wọlé, mo sì gbé e sórí F12 fún ọjọ́ tí mo bá tún ki USB bọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ Wayland, tó ń ṣe irú iṣẹ́ X, lẹ ń lò, xmodmap ò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ tẹ echo $XDG_SESSION_TYPE, ẹ ó mọ èyí tó jẹ́.

Nírọ̀lẹ́, bàbá dé. Wọ́n fi ìka tọ Ọ̀wọ̀, wọ́n kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí n tẹ igba.