Ọ̀dà ń ṣí lára jagunjagun oníke mi

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí ni mò ń gbé. Mo ra páálí jagunjagun Róòmù oníke tí èèyàn máa ń tò fúnra rẹ̀, ìwọ̀n 1/16 (èèyàn gidi tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po 16), mo sì fẹ́ sọ ọ́ di ọmọ ogun Ìbàdàn tó wá gbèjà Òṣogbo lọ́wọ́ ogun Ìlọrin ní 1840. Mo tò ó tán, mo fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù nígbà tí a kun pálọ̀ wa kùn ún. Lọ́jọ́ kejì tí mo dì í mú, ọ̀dà apá rẹ̀ bá ọwọ́ mi wá bí èèpo àlùbọ́sà, láti èjìká dé ìgúnpá. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Nǹkan méjì ni, àbúrò. Ọ̀dà ògiri kì í di ike mú. Ògiri máa ń fa ọ̀dà mu, ike kì í fa nǹkan kan, orí rẹ̀ lásán ni ọ̀dà yẹn jókòó sí. Ọ̀dà akírílíìkì tí àwọn ayàwòrán ń lò ni kí o wá, kì í sì í ṣe òun ni wàá kọ́kọ́ kùn. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ ló ń ṣáájú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí o sì jẹ́ kó sùn mọ́jú.

Èkejì ni òróró, òun ló sì ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú. Wọ́n lè fi nǹkan bí òróró pa inú mọ́ọ̀dù ní ilé iṣẹ́ kí ike má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì bá a dé inú páálí. Ojú kì í rí i. Tún fi ti àtẹ́lẹwọ́ tìrẹ kún un. Bí o bá jẹ àkàrà kí o tó jókòó tì í, o ti fi epo kùn ún ná.

Kí o tó gé ẹ̀yà kankan kúrò lára férémù rẹ̀ ló yẹ kí o ti fọ gbogbo rẹ̀: omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó. Inú abọ́ ni kí o ti fọ̀ ọ́, má ṣe é sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Ọwọ́ ọ̀tún jagunjagun mi àkọ́kọ́ ti gba ibẹ̀ lọ sínú gọ́tà. Fi omi ṣàn án, má fi aṣọ nù ún, jẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti fi tínà nù ún kí n tó rí èsì yín. Imú rẹ̀ ti yọ́.

Ìdáhùn: Tínà àti omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ máa ń jẹ irú ike líle yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni gúlúù inú páálí rẹ ń ṣe: ó ń yọ́ ojú méjèèjì díẹ̀ kí wọ́n lè di ọ̀kan. Má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì, á tún le padà. Lẹ́yìn náà, fi sáńdípépà 600 ha á jẹ́jẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò burú tó bẹ́ẹ̀, nítorí imú ará Róòmù yẹn kò bá ti Ìbàdàn mu tẹ́lẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ti jọ̀lọ̀, fi abẹ́rẹ́ fa abàjà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ọ̀dà tó kàn án. Sípíríìtì ni kí o fi bó ọ̀dà tó kù, kọ́kọ́ dán an wò lára férémù.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ọkùnrin, ọdún mọ́kànlá, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú yàrá, òórùn gúlúù rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Ó léwu, mà. Ẹ má jẹ́ kó lò ó nínú yàrá títì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ojú fèrèsé tó ṣí ni kó jókòó sí, kí àgbàlagbà sì wà nítòsí, pàápàá tó bá di ọ̀rọ̀ abẹ.

Ìbéèrè: Mo fín ọ̀dà agolo lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, ó di funfun bí eérú.

Ìdáhùn: Ọ̀rinrin ló kó sínú ọ̀dà kó tó gbẹ. Dúró dìgbà tí oòrùn bá là. Mú agolo jìnnà tó ìwọ̀n rúlà kan, kí o sì fín in léraléra ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, imú ti dára. Kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi kún un? Ṣé kí n gbé e gun ẹṣin?

Ìdáhùn: Ìlọrin ló gbẹ́kẹ̀ lé ẹṣin nínú ogun yẹn. Nínú àwọn tí Balógun Ọdẹ́rìnlọ ti Ìbàdàn kó wá, jẹ́ kí tìrẹ fẹsẹ̀ rìn. Yọ akoto àti asà gbàgbà yẹn, kí o fi abẹ ha okùn bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìbọn ṣakabùlà ló yẹ ẹ́. Mo kọ́kọ́ fi ìfun báírò ṣe tèmi, ó wá dà bí àgbá. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ló bá a mu: ó nípọn tó mílímítà kan ààbọ̀, ìlọ́po 16 rẹ̀ jẹ́ 24, ẹnu ìbọn gan-an nìyẹn.

Fún ẹ̀wù, má gé àdìrẹ gidi, òwú rẹ̀ ti nípọn jù fún ẹni kékeré bẹ́ẹ̀. Tíṣù ni kí o rì sínú gúlúù funfun àwọn káfíńtà, kí o wọ̀ ọ́ fún un ní tútù, kí o fi igi ìtayín ṣe ìṣẹ́po rẹ̀. Ìlú aró la wà, nítorí náà má fi búlúù inú ìgò kùn ún bẹ́ẹ̀. Mú aṣọ aró kan sọ́wọ́, kí o máa kán dúdú sínú búlúù títí yóò fi bá a mu.

Hóró ọkà bàbà ni mo fi ń ṣe àdó. Àwọ̀ rẹ̀ ti wà lára rẹ̀, ó kàn fẹ́ súpá gúlúù díẹ̀ lórí kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Mẹ́rin tó. Mo lẹ mọ́kànlá mọ́ àyà tèmi, kò wá ríbi gbé ìbọn sí.