Ẹ Má Fi Owó Ẹja Ra Omi

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí òwò ẹja yìnyín, iye páálí ló máa kọ́kọ́ béèrè. Èmi náà ṣe é. Ní Ìjọ́rà l'Ékòó, níbi tí àwọn oníkóòdùrúùmù pọ̀ sí, mo rí fílẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, tó dínwó, mo sì kó o láì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo délé, mo wọn kílò kan, mo fi omi tútù ṣan yìnyín ara rẹ̀ kúrò kíákíá, mo nù ún, mo tún un wọ̀n: 780 gíráàmù. Omi ni ìyókù!

Yìnyín ara ẹja kọ́ ló burú o. Ńṣe ni wọ́n ń dìídì fi yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó kí fìrísà má baà fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Àpọ̀jù rẹ̀ ni wàhálà. Ẹ ṣan ọ̀kan wò kí ẹ tó dúnàá dúrà.

Páálí tí wọn ò bá jẹ́ kí ẹ tú wò, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹja tó ti yọ́ tí wọ́n tún dì padà kì í fara sin: ìsàlẹ̀ páálí á ti rọ̀, omi ẹ̀jẹ̀ á dì sí igun kan, ẹja á sì lẹ̀ mọ́ra wọn gbàgìdì.

Fílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti bó láwọ ńkọ́? Orúkọ tó bá wu ẹni tó ń tà á ló ń jẹ́. Èyí tí awọ wà lára rẹ̀ ni kí ẹ rà.

Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ yé ṣí fìrísà wò. Èyí tó kún dẹ́nu lè mú òtútù dání fún nǹkan bíi wákàtí 48 bí a ò bá ṣí i. Èyí tó kún dé ìdajì, 24. Ṣùgbọ́n "jẹ́ n wò ó bóyá ó ti ń yọ́" ni tiwa, tí ooru á fi ráyè wọlé.

Títù, kòtè àti tuna ni kí ẹ ṣọ́ jù. Bí ooru bá mú wọn pẹ́, oró tí wọ́n ń pè ní histamine á gbilẹ̀ nínú ẹran wọn. Dídín kì í pa á, sísè kì í pa á, dídì padà kò sì lè mú un kúrò. Ẹnu á máa ta oníbàárà bí ẹni jẹ ata, ojú rẹ̀ á pọ́n, orí á máa fọ́ ọ. Síbẹ̀, ẹ máa gbọ́ tí ẹlẹ́ja ń sọ pé, "Ẹ lọ dín in gbẹ dáadáa, Màámi, kò ní ṣe nǹkan kan."