Ẹran Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Jẹ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tí Wọ́n Dín Ikùn Rẹ̀ Kù Nítorí Sísanra

Iṣẹ́ mi n'Íbàdàn níbí ni kí n máa sọ fún aláìsàn ohun tó yẹ kó jẹ àti ohun tó yẹ kó fi sílẹ̀. Láti bí ọdún mélòó kan, àwọn tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tó ń dín ikùn kù ti pọ̀ nínú àwọn tó ń wá mi. Àwọn kan ṣe é l'Ékòó, àwọn kan ṣe é lókè òkun, wọ́n padà délé, wọ́n bá ẹ̀bà nílẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń gbé wá, mo sì ti dáhùn rẹ̀ títí ẹnu mi fi bó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó pè mí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí wọ́n ṣe fún yín. Nínú sleeve, wọ́n gé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ikùn sọnù, ìyókù wá rí tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú bypass, àpò kékeré bíi mílílítà 30 ni wọ́n fi sílẹ̀ lókè, wọ́n wá so ìfun mọ́ ọn. Ó wà nínú ìwé tí ọsibítù fún yín. "Wọ́n ṣáà ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi" kì í ṣe ìdáhùn.

Gíráàmù purotéènì mélòó ni kí n jẹ lóòjọ́?

60 sí 80 fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí dókítà yín bá kọ iye mìíràn, tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹyin kan ní bíi 6. Adìẹ sísè tí kò légungun, gíráàmù 100, ní bíi 27. Ẹja títù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ní bíi 20, ẹ̀wà sísè ní 8 tàbí 9. Iṣu kò pé 2. Ti ẹ̀bà, ẹ má wulẹ̀ kà á.

Kí lẹ ń pè ní oúnjẹ afúnnilókun gan-an?

Gbogbo ohun tó ń di ṣúgà nínú ara: ẹ̀bà, àmàlà, fùfú, iṣu, ìrẹsì, búrẹ́dì, ẹ̀kọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti ṣúgà fúnra rẹ̀, ì báà wà nínú tíì tàbí nínú mọ́ọ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni, ògì wà níbẹ̀. Pé ó fẹ́lẹ́ kò yọ ọ́ kúrò.

Mo ń jẹ pọ̀nmọ́ dáadáa. Ṣé ìyẹn ò tó ni?

Kò tó. Pọ̀nmọ́ ní purotéènì nínú o, àwọn tó ń sọ pé òfo ni ń ṣe àsọdùn. Àmọ́ nínú àwọn èròjà purotéènì tí ara wa kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀, ọ̀kan wà tí kò sí nínú awọ rárá. Ẹ máa jẹ ẹ́ fún adùn ẹnu. Ẹ má kà á mọ́ 60 yẹn.

Mo ń bì lẹ́yìn oúnjẹ.

Ṣé ẹ jẹ ẹ́ kíákíá ni? Ṣé ẹ mu omi sí i? Ṣé ẹran náà le? Ẹ jẹ ẹ́ kúnná, ẹ dúró ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó mu omi, ẹ fi àsun sílẹ̀ ná. Bí èébì kò bá dáwọ́ dúró ní ọjọ́ méjì-mẹ́ta, tàbí tí omi pàápàá kò dúró nínú yín, ọsibítù ni, kì í ṣe àgbo. Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n fa omi gúlúkóòsì sí yín lára, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn, kí wọ́n fún yín ní fítámì B1 ná. Ẹni tó ti bì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lè má ní in lára mọ́, gúlúkóòsì láìsí i sì lè ba ọpọlọ jẹ́.

Abúlà ni mo ń jẹ. Ẹ̀wà ṣáà ni gbẹ̀gìrì, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ mà?

Ẹ̀wà tí wọ́n fi omi là ni. Èyí tó dà sórí àmàlà yín kò ju ṣíbí méjì-mẹ́ta lọ, omi ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Mi ò ní kí ọmọ Ìbàdàn má jẹ àmàlà o. Ta ló máa gbọ́? Ètò jíjẹ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ yí padà. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ olámàlà ní Bódìjà, ẹran tàbí ẹja ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan òkèlè. Òkèlè mẹ́ta sí mẹ́rin, ó parí. Ẹni tó ń bu oúnjẹ á wò yín títí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹran mẹ́ta, àmàlà ẹyọ kan?" Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ikùn yín ti kéré. Bí òkèlè bá ti gba àyè, ẹran kò ní ríbi wọ̀, bí ara kò bá sì rí purotéènì láti òde, iṣan ara yín gan-an ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Mo wá pa gbogbo òkèlè tì pátápátá. Ó ń rẹ̀ mí, ẹnu mi ń rùn, ìgbẹ́ mi le koko.

Ta ló ní kẹ́ ẹ pa á tì? Àwọn kan ń sọ ọ́ fáyé gbọ́ bíi pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọpọlọ yín ń lo ṣúgà tọ̀sán-tòru. Bí ara kò bá rí i, ọ̀rá ni yóò máa jó, òórùn ẹnu yẹn sì ti ibẹ̀ wá. Ní oṣù àkọ́kọ́, kì í ṣe ẹ̀bi yín bí afúnnilókun kò bá tó gíráàmù 50 lóòjọ́, ikùn ni kò gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà á jẹ́ kó dé bíi 130 nígbà tó bá yá. Ohun tẹ́ ẹ máa fi gbé e gòkè ló ṣe pàtàkì: ẹ̀wà, ọ̀dùnkún díẹ̀, ìrẹsì ọ̀fadà díẹ̀, èso tẹ́ ẹ jẹ lẹ́nu, kì í ṣe èyí tí wọ́n fún sínú ife.

Irun mi ń já.

Láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, ó wọ́pọ̀, yóò sì hù padà. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ lọ yẹ áyọ́ọ̀nù (iron) inú ẹ̀jẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì tún purotéènì yín kà. Òróró irun kò ní ohun kan ṣe sí i.

Kí n ra páúdà purotéènì?

Ẹ ka ẹ̀yìn agolo. Bí ṣúgà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó purotéènì nínú ṣíbí kan, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Wàrà àwọn Fúlàní náà dára, tẹ́ ẹ bá tún un sè, tí inú yín sì gbà á.

Bí mo bá jẹun, tó bá tó bíi wákàtí méjì, òógùn á bò mí, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, ojú mi á ṣú. Wọ́n ní ibà ni. Ìyá mi ní ayé ni.

Ẹ jẹ́ n jókòó dáadáa sí èyí, torí ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé tèmi náà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta aṣọ ní Gbági. Bypass ni wọ́n ṣe fún un, ó sì ti lé lọ́dún kan kí èyí tó bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò sẹ́ni tó fura sí iṣẹ́ abẹ. Yóò jókòó sáàárín aṣọ, òógùn á dédé bò ó, ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n débi pé kò ní lè so ìdì aṣọ, á wá máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀ tí kò bára mu. Wọ́n fún un lóògùn ibà, ó tún padà wá. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kò ní in. Àwọn ará ọjà ní ẹni tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó wá rí báyìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti tán, wọ́n bá ń fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀: mọ́ọ̀tì àti mílíìkì agolo.

Ohun tó wá da ọ̀rọ̀ rú ni pé mọ́ọ̀tì yẹn ṣiṣẹ́! Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ara rẹ̀ á ti balẹ̀. Ta ni yóò wá bá wọn jiyàn?

Mo ní kó máa kọ àsìkò tó jẹun àti àsìkò tó ṣe é sílẹ̀. Kò kọ ọ́. Ọmọ tó ń bá a tajà ló bá mi kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé àwìn, lábẹ́ orúkọ àwọn onígbèsè: "8:10, ògì, mọ́ínmọ́ín. 10:20, ara ń gbọ̀n. 10:25, mọ́ọ̀tì. 12:30, ara ń gbọ̀n. 12:35, mọ́ọ̀tì. 2:45, ara ń gbọ̀n."

Mo gbé ẹ̀rọ tí àwọn alátọ̀gbẹ fi ń wo ṣúgà fún ọmọ náà. Nígbà tó tún ṣe é, ó gún un níka: 51 mg/dl. Tó bá ti wá sísàlẹ̀ 70, ó ti kéré. Tó bá wá sísàlẹ̀ 54, ewu ti dé.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ikùn tí wọn kò fọwọ́ kàn ní ẹnu ọ̀nà kan nísàlẹ̀ tó ń jẹ́ kí oúnjẹ jáde níwọ̀nba. Bypass ti yà fún un. Ògì àti mọ́ọ̀tì wá ń já wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan náà, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ á ga lójijì, ara á tú ínsúlínì, ohun tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, jáde ju bó ṣe yẹ lọ, ṣúgà náà á sì wálẹ̀ kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Mọ́ọ̀tì tó gbé e dìde ní 10:25, òun náà ló là á mọ́lẹ̀ ní 12:30.

A dá mọ́ọ̀tì dúró. Tọ̀sán lọ, tàárọ̀ kò lọ, bẹ́ẹ̀ mọ́ínmọ́ín ló ń kọ́kọ́ jẹ. Mo lọ jókòó tì í láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ń fi ògì ti mọ́ínmọ́ín wọlé bí ẹni ń fi omi gbé oògùn mì! Àǹfààní kí ni jíjẹ mọ́ínmọ́ín ṣáájú wá ṣe, nígbà tí ògì ń gbá a lọ? A yọ ògì kúrò: mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin nìkan, omi lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó bínú sí mi, ó ní mo fẹ́ febi pa òun. Tàárọ̀ lọ. Ó wá ku tìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ẹ̀bà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bà náà kò pọ̀. A fi ẹ̀wà àti ẹja rọ́pò rẹ̀. Ó wá ń ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò tán.

Ibẹ̀ ni mo ti ní ó tó, a padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan mìíràn nínú ara ló ń tú ínsúlínì jáde. Kò rí nǹkan kan, ó sì kọ acarbose fún un, oògùn tí wọ́n ń lò pẹ̀lú òkèlè àkọ́kọ́ kí oúnjẹ má baà yára di ṣúgà. Ó ń da atẹ́gùn sí i nínú, ó rojọ́ ìyẹn títí. Àmọ́ ó ti lè so ìdì aṣọ rẹ̀ láìgbọ̀n.

Bó bá ṣe yín lọ́wọ́lọ́wọ́: gúlúkóòsì gíráàmù 15. Ẹ wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá kékeré kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Kì í ṣe odindi ìgò mọ́ọ̀tì. Bí ara bá ti balẹ̀, ẹ jẹ ẹyin tàbí ẹ̀pà lé e kó má baà tún já wálẹ̀. Ẹni tó ń lo acarbose, gúlúkóòsì gan-an ni, torí oògùn náà kì í jẹ́ kí ṣúgà lásán tètè ṣiṣẹ́. Ẹ má wa ọkọ̀. Bí ẹni náà bá dákú, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ ọsibítù. Alátọ̀gbẹ tó ṣì ń lo oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ má dúró dánwò, dókítà ló máa dín in kù.

Tèmi kì í tó wákàtí méjì o. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ tán ni inú á ta mí, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e.

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ọgbọ̀n? Òmíràn nìyẹn. Ohun dídùn ló dé inú ìfun lójijì tó ń fa omi wọlé. Ẹ dùbúlẹ̀, yóò lọ. Ẹ má mu gúlúkóòsì sí i. Ẹ wo ohun tẹ́ ẹ jẹ, kẹ́ ẹ má jẹ ẹ́ mọ́.

Ìwọ̀n mi kò wálẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò burú. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ sọ òtítọ́ nípa ṣin-ṣin, gúgúrú àti bísíkíìtì. Wọ́n ń yọ̀ kọjá nínú ikùn kékeré, wọn kì í yó èèyàn.

Èkó ni dókítà mi wà. Ṣé mo lè lọ ọsibítù UCH n'Íbàdàn níbí?

Ẹ lè lọ, àwọn tó mọ̀ nípa oúnjẹ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé iṣẹ́ abẹ yín dání, torí kò sẹ́ni tó lè wo inú yín láti ìta kó mọ ohun tí wọ́n gé. Ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ bèèrè àyẹ̀wò áyọ́ọ̀nù, fítámì B12, fítámì D àti kálísíọ́ọ̀mù. Tí wọ́n bá kọ áyọ́ọ̀nù àti kálísíọ́ọ̀mù fún yín, ẹ má lò ó pa pọ̀. Ẹ fi wákàtí méjì sáàárín.