Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà Dallas sí Kansas City nígbà ìrúwé

Bí òtútù bá ti ń kógbá sílé báyìí, ìwé ìpè á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìgbéyàwó wà ní Kansas City, Dallas làwa ń gbé. Owó bàálù fún tìyá-tọmọ kò ṣe é fọwọ́ kàn, a ó kó kúlà ìrẹsì àti aṣọ ẹbí sẹ́yìn ọkọ̀, ó di títì I-35. Bíi 550 máìlì ni, ìrìn wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ọ̀nà yẹn dára. Ojú ọjọ́ ibẹ̀ láti oṣù kẹta wọ oṣù kẹfà ló ń bà mí lẹ́rù, àti àwọn àṣà kan tó ti mọ́ wa lára.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù: èèyàn á wo ojú ọjọ́ Dallas, á wo ti Kansas City, oòrùn ń ràn níbi méjèèjì, ó parí. Àárín ńkọ́? Orí Oklahoma àti Kansas ni atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó ti òkun Gulf ní gúúsù wá ti ń pàdé èyí tó gbẹ láti ìwọ̀ oòrùn àti èyí tó tutù láti àríwá. Níbi tí wọ́n ti kọlu ara wọn ni àrá, yìnyín àti tọ̀nédò, ìjì líle tó ń yí bí òkòtó, ti ń jáde. Ẹ yẹ Ardmore, Oklahoma City, Wichita àti Emporia wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ní wákàtí tí ẹ máa débẹ̀ gan-an.

Pípẹ́ kí a tó gbéra náà wà níbẹ̀. A ní aago mẹ́fà, ó di mọ́kànlá, wọ́n ṣì ń wá gèlè. Láti ọ̀sán sí alẹ́ ni ìjì máa ń le jù lágbègbè yẹn, nígbà tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná. Ẹni tó gbéra ní mẹ́fà á ti fi Wichita sẹ́yìn ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Ẹni tó gbéra ní mọ́kànlá, àárín ìjì ló ń lọ, ilẹ̀ á sì ṣú mọ́ ọn. Tọ̀nédò òru kì í jẹ́ kójú rí òun kó tó dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ti abẹ́ afárá yìí dáadáa. Bí ìjì bá dé, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń sáré sábẹ́ afárá tó gba orí títì kọjá, wọ́n gbà pé kọnkéré á dáàbò bo àwọn. Fídíò kan wà lára ohun tó tan èrò yìí kálẹ̀: àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló yà á lórí Kansas Turnpike, títì olówó tí I-35 gbà kọjá ní Kansas, nítòsí El Dorado, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 1991. Wọ́n sá sábẹ́ afárá, ìjì kọjá, wọ́n yè é. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 1999, tọ̀nédò ya bo Oklahoma, èèyàn mẹ́ta sì kú lábẹ́ afárá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Atẹ́gùn tó bá gba ibi tóóró máa ń le sí i ni, ó sì ń gbé páànù àti igi dání. Ẹni tó tún gun ẹ̀gbẹ́ afárá lọ sókè, ibi tí atẹ́gùn ti le ju ti ìsàlẹ̀ ló gbà lọ. Ọkọ̀ tó dúró síbẹ̀ sì ti dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń sá bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ yà ní exit tó kàn, ẹ wọ ilé gidi, ẹ lọ sí yàrá àárín tí kò ní fèrèsé. Bí kò bá sí ilé nítòsí rárá, ẹ wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì lára, kẹ́ ẹ tẹrí ba sísàlẹ̀ fèrèsé, tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ sínú kòtò tó rẹlẹ̀ ju títì lọ.

Orúkọ káńtì, ìyẹn ẹkùn kéékèèké tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ sí, ni rédíò fi ń kìlọ̀. Wọ́n á ní tọ̀nédò ń bọ̀ ní Butler County, awakọ̀ wa á máa gbádùn orin rẹ̀ lọ, kò mọ̀ pé inú Butler lòun wà. Kí ẹni tó jókòó níwájú kọ wọ́n síwèé: Love, Carter, Murray, títí dé Sumner, Butler, Chase, Lyon.

Ẹ pa cruise control, ohun tó ń di eré ọkọ̀ mú fúnra rẹ̀, bí òjò bá ti ń rọ̀, kí táyà má baà léfòó. Ẹ má sì fi ọkọ̀ wọ omi tó ń ṣàn lójú títì: ínǹṣì 12 ti tó láti gbé ọkọ̀ kékeré. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ 2003, Jacob Creek, odò kékeré lásán, kún bo Turnpike nítòsí Emporia, ó gbé ọkọ̀ lọ, èèyàn mẹ́fà ló bá a rìn.

Èéfín tún wà, èyí tí àlejò kì í retí. Ní oṣù kẹrin, àwọn tó ń sin màlúù ní Flint Hills, agbègbè òkè koríko ní Kansas, máa ń dáná sun pápá kí koríko tuntun lè hù. Bí atẹ́gùn bá yí, èéfín á bo títì láàárín El Dorado àti Emporia. Ẹ má tan iná gíga, èéfín á dá a padà sójú yín. Ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, tírélà lè wà lẹ́yìn. Ẹ rọra dín eré kù pẹ̀lú iná kékeré, bí ẹ kò bá sì rí ọ̀nà mọ́, ẹ kúrò lórí títì pátápátá kẹ́ ẹ tó dúró.