Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó la ẹnu: bí ẹ ṣe lè ṣe intake (ìjókòó àkọ́kọ́ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́) láì da ọmọ náà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi tí èmi gan-an ti ṣubú. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀, ìyẹn ẹni tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn nílé ìwé, ni, ọmọ kan wọlé, ó jókòó sí etí àga bíi pé ó fẹ́ dìde padà, ó di báàgì ẹ̀ mọ́ àyà, ó ní "Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín, àmọ́ ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnì kankan." Èmi náà, torí mo fẹ́ kó fọkàn tán mi, mo ní "Mo ṣèlérí, fọkàn balẹ̀." Ló bá sọ pé òun ti ń kó oògùn jọ, pé inú báàgì yẹn ló wà, àti pé òun ti mú ọjọ́. (Mo ti pa ìtàn ẹ̀ láṣọ dà o, ẹ má wulẹ̀ máa wá a.) Ara mi tutù. Mo gbọ́dọ̀ sọ fún ẹlòmíì, kò sí ọ̀nà míì, bẹ́ẹ̀ mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Ojú tó fi wò mí nígbà tí mo ní mo fẹ́ pe ọ̀gá mi wọlé, mi ò tíì gbàgbé ẹ̀ títí dòní. Ó yè é, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kó tó tún dá mi lóhùn ju "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" lọ.

Sísọ tí mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi ò burú, ó yẹ kí n sọ ọ́. Ibi tí mo ti jẹ̀bi ni pé mi ò jẹ́ kó mọ̀ kó tó la ẹnu pé ẹrù kan wà tí mi ò lè dá nìkan gbé. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìlànà iṣẹ́ tẹ́ ẹ kà fún ìdánwò, ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn ló ti máa ń bà jẹ́ tàbí kó dára.

Kí ọmọ náà tó wọlé

Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kún fọ́ọ̀mù nígbà tó bá ń dúró. PHQ-9 sábà máa ń wà níbẹ̀, ìbéèrè mẹ́sàn-án nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, máàkì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 27. GAD-7 ni ti àníyàn, òun dé 21. Àwọn míì ń lo CCAPS, tí wọ́n dìídì ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, torí náà ó ń béèrè nípa ẹ̀kọ́, oúnjẹ, ọtí àti ilé pẹ̀lú.

Ẹ kà á kí ọmọ náà tó jókòó. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ tí ò yẹ kéèyàn máa sọ, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìbéèrè kẹsàn-án nínú PHQ-9 ń béèrè bóyá ẹni náà ń rò ó pé ó sàn kí òun kú tàbí kí òun ṣe ara òun léṣe. Tó bá ti fi àmì sí ohun míì yàtọ̀ sí "rárá" níbẹ̀, ó ti sọ fún yín nìyẹn, yálà ẹ ṣí fọ́ọ̀mù náà tàbí ẹ ò ṣí i. Kéèyàn wá gbà á, kó fi í sínú kọ̀ǹpútà, kó máa bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nípa tàìmtébù fún ìṣẹ́jú 50, ó sàn kẹ́ ẹ má béèrè rárá.

Máàkì kì í ṣe orúkọ àìsàn o. Ẹni tó gba 18 lè jẹ́ pé kò tíì sùn láti ọjọ́ mẹ́rin torí ìdánwò, ẹni tó gba 3 sì lè máa parọ́ torí ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á lé òun nílé ìwé.

Ìwé ìfọwọ́sí tí ọmọ fi ń gbà kẹ́ ẹ bá òun ṣiṣẹ́ ńkọ́? Lọ́yà ló kọ ọ́, ó sì hàn. Pé ọmọ fọwọ́ sí i ò sọ pé ó yé e, ọ̀pọ̀ wọn ń fọwọ́ sí i bí wọ́n ṣe ń tẹ "mo gbà" lórí áàpù ni. Ẹnu yín lẹ máa fi ṣàlàyé ẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ sọ

Èyí ni mo máa ń sọ báyìí, ẹ tún un ṣe kó bá ẹnu yín mu: "Kó o tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́ n sọ bí ibí ṣe rí fún ẹ. Ohun tó o bá sọ níbí, ibí ló máa wà. Òbí ẹ, àwọn olùkọ́ ẹ, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá, mi ò ní sọ fún ìkankan nínú wọn àfi tó o bá ní kí n sọ ọ́. Àmọ́ nǹkan mẹ́rin wà tí mi ò lè dá pa mọ́: tí ẹ̀mí ẹ bá wà nínú ewu, tó bá jẹ́ ẹ̀mí ẹlòmíì ni, tí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé tàbí ẹni tí ò lè gba ara ẹ̀ sílẹ̀, tàbí tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Tí ọ̀kan nínú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, màá gbìyànjú kó jẹ́ ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún kí n tó gbé ìgbésẹ̀. Èwo nínú ẹ̀ ni ò yé ẹ?" Tẹ́ ẹ bá ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá tó ń gbọ́ ìròyìn iṣẹ́ yín, tàbí tẹ́ ẹ ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ sọ ìyẹn náà síbẹ̀, kó má lọ jẹ́ pé ẹ̀yìn ló máa gbọ́.

Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ ní kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tó gbọ́. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í dán yín wò lójú ẹsẹ̀, "tí mo bá ní mo ń mugbó ńkọ́?", ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ dáhùn. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn kánsẹ́lọ̀ tuntun pé ọ̀rọ̀ yìí á pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Ó lè pa àwọn kan lẹ́nu mọ́ lóòótọ́. Ó tọ́ sí wọn náà láti yan ohun tí wọ́n máa sọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ẹlòmíì yẹn, inú ọgbà yunifásítì ló ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 1969, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì California ní Berkeley sọ fún onímọ̀ ìrònú tó ń tọ́jú ẹ̀ nílé ìwòsàn ilé ìwé pé òun máa pa ọmọbìnrin kan. Onímọ̀ yìí sọ fún ọlọ́pàá ọgbà, wọ́n mú ọmọkùnrin náà, wọ́n fi í sílẹ̀ nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún ọmọbìnrin náà, ó sì pa á. Àwọn òbí ọmọbìnrin náà pẹjọ́. Lọ́dún 1974 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní California ní ojúṣe láti kìlọ̀ wà, wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́, ní 1976 wọ́n wá sọ ọ́ di ojúṣe láti dáàbò boni. Ẹjọ́ Tarasoff nìyẹn, orúkọ ìdílé ọmọbìnrin náà ni wọ́n fi ń pè é. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì o: kíkìlọ̀ jẹ́ ọ̀nà kan péré láti dáàbò boni, ìgbà míì ilé ìwòsàn tàbí ọlọ́pàá ló máa gbà á. Òfin ò sì rí bákan náà káàkiri, kódà láàárín àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà fúnra wọn, torí náà ẹ mọ ti ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí orúkọ yín.

Ìbéèrè gan-an

"Kí ló gbé ẹ wá?" dáa, ṣùgbọ́n "kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí?" ló máa ń ṣílẹ̀kùn. Ọmọ tí ò rí oorun sùn láti ọdún tó kọjá, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó fi wá rí yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Ọmọkùnrin kan ní òun ò lè ka ìwé mọ́, ó ṣáà ń wo fóònù ẹ̀ bá a ṣe ń sọ̀rọ̀, mo rò pé ìwọ̀sí ni, ìgbà tí mo bi í pé ta ló ń retí ló bú sẹ́kún: ó ti fi owó ilé ìwé ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù yẹn, àbájáde bọ́ọ̀lù kan ló ń dúró dè.

Ẹ béèrè oorun, oúnjẹ, ìlera ara, oògùn tó ń lò, ọtí àti nǹkan míì tó ń mu tàbí fà, owó, ilé, ẹni tó lè sá bá, bóyá ó ti rí kánsẹ́lọ̀ rí àti bó ṣe rí fún un. Ẹ má kà á tẹ̀lé ara wọn bí ọlọ́pàá, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gbé yín débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpara-ẹni, ẹ má gbé e sí ìparí. Ìṣẹ́jú 45 lọmọ máa di ìlẹ̀kùn mú táá ní "ohun kan ṣì wà o", kí lẹ fẹ́ fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe? Ẹ sì béèrè ẹ̀ gbangba: "Ṣé o ti ń rò ó pé kó o pa ara ẹ?" Ẹ má sọ pé "Kò ṣáà sí irú èrò burúkú yẹn lọ́kàn ẹ, àbí?" Irú ìbéèrè yẹn ti gbé ìdáhùn dání, ọmọ á kàn bá yín sọ "rárá o" ni. Ìwádìí ti fi hàn pé bíbéèrè kì í gbin èrò yẹn síni lọ́kàn, ara máa ń tu àwọn míì pé ẹnì kan tiẹ̀ bi wọ́n. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fara balẹ̀: báwo ló ṣe máa ń wá sí i tó, ṣé ó ti ro ọ̀nà, ṣé ohun tó fẹ́ lò wà nítòsí, ṣé ó ti gbìyànjú rí, kí ló ń dá a dúró títí dòní.

Ẹ má kọ ìwé àdéhùn "mi ò ní pa ara mi" fún un láti fọwọ́ sí. Kò sí ẹ̀rí pé ó ń gba ẹ̀mí là, ọkàn kánsẹ́lọ̀ ló ń fi balẹ̀. Ẹ jọ kọ ètò ààbò dípò ẹ̀: àmì tó ń jẹ́ kó mọ̀ pé ó ti ń bọ̀, ohun tó lè dá ṣe, ibi tó lè lọ, ẹni tó lè pè, nọ́ńbà pàjáwìrì, àti bí ohun tó fẹ́ lò ṣe máa jìnnà sí i lónìí yìí. Tí ewu bá ti sún mọ́lé, ẹ má jẹ́ kó dá nìkan lọ, ẹ pe ọ̀gá yín, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í.

Ta lẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún?

Ibí lọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti yàtọ̀ sí ti kílíníìkì ìta. Ilé ìwé ló ń san owó oṣù yín, òbí ló ń san owó ilé ìwé, gbogbo wọn ló gbà pé ó yẹ kí wọ́n mọ nǹkan. Ìyá pè, ó ń sunkún, "ṣé ọmọ mi ń wá sọ́dọ̀ yín?" Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má sọ rárá. "Mà, mi ò lè sọ ẹni tó ń wá tàbí ẹni tí ò wá, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn, àmọ́ mo lè gbọ́ ohun tó ń já yín láyà." Gbígbọ́ ò tú àṣírí. Ní Amẹ́ríkà, òfin FERPA ti 1974 tiẹ̀ gbé ẹ̀tọ́ ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwé kúrò lọ́wọ́ òbí lọ sọ́wọ́ ọmọ tó bá ti pé 18 tàbí tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, bó tiẹ̀ ní àwọn àyè kan tí ilé ìwé ti lè bá òbí sọ̀rọ̀.

Tó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ ìbáwí ló ní kó wá dandan, ẹ yanjú ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: kí gan-an ni wọ́n máa gbọ́ lẹ́nu yín? Tèmi ni pé kó má kọjá "ó wá" tàbí "kò wá", kó wà nínú ìwé, kí ọmọ náà rí i kó tó fọwọ́ sí i.

Ẹ má gba ọmọ tẹ́ ẹ ń kọ́ ní kíláàsì. Tí méjì tó ń gbé yàrá kan náà bá wá sọ́dọ̀ yín láìmọ̀ nípa ara wọn, ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ kíá, torí ọjọ́ kan lẹ máa fi ohun tí ẹnì kan sọ dáhùn èkejì láìfura. Ẹ sọ fún ọmọ náà pé tẹ́ ẹ bá pàdé nínú ọgbà, ẹ ò ní kí i àfi tó bá kọ́kọ́ kí yín, kó má rò pé ìgbéraga ni. Facebook, rárá. Ìfẹ́ àti ìbálòpọ̀, kí n má tiẹ̀ dẹ́nu lé e: ìlànà ẹgbẹ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ Amẹ́ríkà ti 2014 fòfin dè é, kódà fún ọdún 5 lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí.

Ìlànà kan náà yẹn ò gbà kẹ́ ẹ lé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì torí pé ẹ̀sìn tàbí ìgbésí ayé ẹ̀ ò bá tiyín mu. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ náà ju agbára yín lọ, ìyẹn yàtọ̀. Ọmọ tí ò jẹun títí tó fi ń dákú, dókítà ló kọ́kọ́ nílò, ẹ sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Tí ọ́fíìsì yín bá sì ní iye ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè wá, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà, kó má tú gbogbo inú ẹ̀ síta tán kẹ́ ẹ tó ní ó kù lẹ́ẹ̀kan.

Kó tó lọ, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ padà fún un, ẹ bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹ jọ mú ọjọ́. Ẹ kọ àkọsílẹ̀ yín kí ẹni tó kàn tó wọlé: ohun tó gbé e wá, ọ̀rọ̀ ewu àti ìdí tẹ́ ẹ fi pinnu ohun tẹ́ ẹ pinnu, ẹni tẹ́ ẹ bá jíròrò, ètò tó kàn. Orúkọ ọ̀rẹ́kùnrin ẹ̀ tàbí ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe ò pọn dandan níbẹ̀. Mo máa ń kọ ọ́ bíi pé ọmọ náà dúró lẹ́yìn mi tó ń kà á, torí lọ́jọ́ kan, ọmọ oníbáàgì yẹn ní òun fẹ́ ka tòun, mo sì gbé e fún un, a jọ kà á láti òkè délẹ̀, ó ní kí n tún ọjọ́ kan ṣe.